Ẹ̀jẹ̀ Mi Ni Wọ́n Torí Rẹ̀ Lé Rónkẹ́ Níṣẹ́

Rónkẹ́ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Òun ló ń kọ́kọ́ dé láràárọ̀, á ti ṣílẹ̀kùn, á ti gbómi kaná kí n tó wọlé, á sì kí mi pé, "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí mi, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá ní mo sùn dáadáa. Irọ́ ni. N kì í sùn. Ó ti tó oṣù méjì báyìí tí oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi bó ṣe yẹ, ẹni tí mo sì ṣẹ̀ kò bá mi yan odì, kò fajú ro sí mi, kódà òun ló ń bu ẹran nínú abọ́ tirẹ̀ fún mi lọ́sàn-án. Ó ti dárí jì mí, ìdáríjì yẹn gan-an ló sì ń pa mí, torí orí irọ́ tí mo pa fún un lójúkojú ló gbé e lé. Kò sẹ́ni tó mọ̀, àfi ẹ̀yin tí mò ń sọ fún lónìí yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi dópin. Tí mo bá sọ tán, ẹ lè bú mi tó bá wù yín, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ bá mi wá ọ̀nà pẹ̀lú.

Ìyá mi kú lórí ìkúnlẹ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló gbà mí tọ́ ní Aké, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà pọ́ńbélé, kò lọ́kọ, kò bímọ. Ẹni tó bá rántí àwọn ọ̀gá ilé ìwé àtijọ́ á mọ irú ènìyàn tí mò ń wí. Kọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan nínú ilé wa ló ní orúkọ ẹni tó ni ín lábẹ́, ọ̀dà pupa ló fi kọ ọ́. Síbí mi, inú omi gbígbóná ni wọ́n ti ń sè é. Kò sí aládùúgbò tó lè gbé mi kó fẹnu kò mí lẹ́nu, kò sí ọmọ tí mo lè bá jẹun nínú abọ́ kan. Àwọn ọmọ àdúgbò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ òyìnbó Aké. Bí ẹnì kan bá fún mi ní àkàrà lójú ọ̀nà, n óò kọ́kọ́ gbé e délé kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi wò ó, lọ́pọ̀ ìgbà ààtàn ló ń bá lọ. Á ní, "Ìfura loògùn àgbà." Lójoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì wọ̀ mí lára. Títí di òní, tí ẹnì kan bá ṣe mí lóore, ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi ara mi ni pé kí ló ń wá.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́, ilé àyẹ̀wò aládàáni kan ní Òkè-Ìléwó ni mo sì ti ń ṣe é fún ọdún mẹ́tàlá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Àwọn obìnrin tí oyún ń bàjẹ́ lára wọn ni àwọn dókítà máa ń kọ ìwé fún pé kí wọ́n wá sọ́dọ̀ wa. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí à ń pè ní CMV, ọ̀kan nínú ìdílé hápíìsì ni, orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ àrùn ìbálòpọ̀. Kò ṣe nǹkan kan fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kó o láti kékeré, wọ́n á ní ibà díẹ̀, ó tán, wọn ò ní mọ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n bí aláboyún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o, ó lè ṣe ọmọ inú rẹ̀ léṣe. Ara ẹni tó bá ti pàdé kòkòrò yìí rí á ti kó ọmọ ogun jọ dè é sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ ogun yẹn là ń wá, áńtíjìn la sì fi ń wá wọn. Ẹ̀yà ara kòkòrò náà ni áńtíjìn, èyí tí wọ́n ti pa tí kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan mọ́. Inú ìgò kékeré kan ló ń wà, láti Èkó ni wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ sí wa nínú kúlà oníyìnyín. A ó tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ àwo oníhò wẹẹrẹ, a ó wá da omi ẹ̀jẹ̀ obìnrin kọ̀ọ̀kan sínú ihò tirẹ̀. Bí ọmọ ogun bá wà níbẹ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ áńtíjìn náà, bó ti wù ká fọ̀ ọ́ tó, wọn ò ní jábọ́, tí a bá sì kán oògùn tó kẹ́yìn sí i, ihò yẹn á di yẹ́lò. Bí kò bá sí, ihò náà á mọ́ gaara bí omi.

Ọ̀gá wa, bàbá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà, kò gbà láti máa ra àwo tí wọ́n ti tẹ́ parí láti òkè òkun. Ó ní ṣé a ò ní ọwọ́ ni. Áńtíjìn nìkan ló ń rà, àwa fúnra wa là ń tẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àwo tí ènìyàn bá tẹ́ fúnra rẹ̀ kì í bá ẹlẹ́rìí wá. A gbọ́dọ̀ ní ẹ̀jẹ̀ méjì tí a mọ̀ dájú tí a ó máa dán wò pẹ̀lú ti àwọn aláìsàn nígbà gbogbo: ọ̀kan tó ní ọmọ ogun, ọ̀kan tí kò ní. Èyí tó ní kò le rárá, ta ni kò ní in ní Abẹ́òkúta? Ti Dókítà fúnra rẹ̀ là ń lò. Èyí tí kò ní ló ṣòro. Gbogbo òṣìṣẹ́ na apá, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wa, gbogbo ihò ló di yẹ́lò àfi tèmi. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀jẹ̀ mi ti di ẹ̀jẹ̀ òfo ilé iṣẹ́ wa. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń fà á, a ó pín in sí túùbù kéékèèké, a ó kọ ọjọ́ sí i lára, a ó kó o sínú fírísà. Bí àlejò bá wá, Dókítà á fi mí hàn wọ́n, á ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ jù ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá nìyí. Màá rẹ́rìn-ín, màá ní kí wọ́n má dá Dókítà lóhùn, ṣùgbọ́n ó ń dùn mọ́ mi nínú. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà nílé ọkọ láìbímọ, ẹ ò lè mọ bó ṣe ń dùn tó fún irú mi láti ní ohun kan lára tí àwọn ẹlòmíràn kò ní.

Rónkẹ́ dé ibi iṣẹ́ wa ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Mo fi ọdún mẹ́rin jù ú, iṣẹ́ kan náà la jọ kọ́, Adígbẹ́ ni àwa méjèèjì sì ń gbé, òpópónà kan ló wà láàrin wa. Ojú omi ní Pọtá ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń wálé. Nígbà tó bí Ayọ̀mídé, ọmọbìnrin rẹ̀, èmi ni mo di ìyá kejì. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, ọ̀dọ̀ mi lọmọ náà ń wà láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Mo pọ̀n ọ́n, mo wẹ̀ ẹ́, mo fọ ìdí rẹ̀, ó da itọ́ sí mi lọ́rùn, mo fọwọ́ nù ún. Ẹ̀yin ìyá mọ ohun tí mo fẹ́ sọ: tí ọmọ bá jẹ ògì kù, ta ló ń dà á nù? Síbí tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni mo fi ń lá ìsàlẹ̀ abọ́. Bí ẹran bá le, èmi ni mo ń fi ẹnu bá a gé e. Èmi tí wọ́n ń se síbí fún ní Aké! Mo ti gbàgbé gbogbo ẹ̀kọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, inú mi sì ń dùn pé mo gbàgbé wọn. Ọdún yẹn ni mo láyọ̀ jù láti ìgbà tí mo ti délé ayé.

Ìgbà tí Ayọ̀mídé pé ọmọ ọdún kan géérégé ni wàhálà dé. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi bí ìṣe wa, ti àtẹ̀yìnwá sì ti tán. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ìgò áńtíjìn tuntun méjì dé láti Èkó, Rónkẹ́ ló lọ gbà á ní gáréèjì Kútọ̀. Mo tẹ́ àwo, mo kán ẹ̀jẹ̀ sí i, mo dúró. Ihò òfo, ihò tèmi, di yẹ́lò ràkọ̀ràkọ̀. Mo tún un ṣe. Ó tún di yẹ́lò. Mo ṣí ìgò kejì, ọ̀kan náà ni. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé áńtíjìn yìí kò pé. Mo lọ wo kúlà tí wọ́n fi gbé e dé, mo rí i pé téèpù onígọ́ọ̀mù tí wọ́n fi dí i jẹ́ oríṣi méjì, ọ̀kan funfun, ọ̀kan àwọ̀ igi. Ta ló ṣí i lọ́nà? Mo rántí pé aago mẹ́wàá ló yẹ kí Rónkẹ́ dé, aago kan kọjá ló wọlé. Mo rántí pé láti bí oṣù kan ló ti máa ń gba ìpè níta lórí àtẹ̀gùn, tí mo bá sì jáde á rẹ ohùn sílẹ̀. Mo rántí ọkùnrin kan tó ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ kiri, tó sọ pé òun lè mú áńtíjìn tí kò wọ́n wá, tí Rónkẹ́ gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo ti ń rántí, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń so kọ́ra. Mo sọ ọ́ lọ́kàn mi pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ wá wo bí ìfura ṣe ń sọ ọlọ́gbọ́n di òmùgọ̀. Ọmọ ọdún kìíní lẹ́nu iṣẹ́ wa mọ̀ pé áńtíjìn tí ooru bà jẹ́ kì í fi ohun tí kò sí hàn, ohun tó wà ni kì í lè fi hàn mọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní bóyá ìdọ̀tí ni wọ́n pò mọ́ ọn. Mo lọ bá Dókítà, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo kàn sọ pé kúlà náà pẹ́ lọ́nà, gọ́ọ̀mù rẹ̀ sì jẹ́ méjì, mo dákẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ ju ẹjọ́ lọ. Dókítà pe Rónkẹ́, akọ̀wé ilé iṣẹ́ wa, tí ẹnu rẹ̀ kì í dí, sì wà níbẹ̀ tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Rónkẹ́ ṣàlàyé pé ọkọ̀ tó gbé e láti Èkó ló bàjẹ́ lọ́nà, pé awakọ̀ ló ṣí kúlà láti fi yìnyín kún un, pé òun dúró ní Kútọ̀ títí ó fi dé. Dókítà bi í nípa ọkùnrin olọ́jà yẹn, ó ní káàdì lásán ni òun gbà. Ó wá yíjú sí mi, ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, ó sì pa á dé. Mo ní lọ́kàn mi pé, ẹ ò rí i? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Dókítà fún un ní ọjọ́ mẹ́ta kó fi kọ àlàyé rẹ̀ sílẹ̀.

Ibi tí mo ti di ẹni ibi wá nìyí, mi ò ní fi pamọ́. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, Dókítà lọ sílé ìwòsàn kan lọ kọ́ àwọn dókítà kéékèèké, Rónkẹ́ sì ní òun ń lọ sí báńkì, òun lè má padà mọ́. Ó kù mí ku àwọn fírísà. Bí mo ti ń tún inú ọ̀kan tò, mo rí túùbù kan tó ti lẹ̀ mọ́ yìnyín lẹ́yìn pátápátá, ẹ̀jẹ̀ tèmi ni, ti ọdún méjì sẹ́yìn, ọwọ́ ìkọ̀wé mi ló wà lára rẹ̀. Àwo tí a ti tẹ́ sì wà nílẹ̀, áńtíjìn tí Rónkẹ́ gbé wá kan náà la fi tẹ́ ẹ. Mo kán méjèèjì sí i. Ti àtijọ́ sí ihò kan, ti tuntun sí èkejì. Kò tó wákàtí méjì, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ti àtijọ́ mọ́ gaara. Ti tuntun di yẹ́lò. Kò sí ohun tó ṣe áńtíjìn. Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ nǹkan kan. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà: ẹ̀jẹ̀ tèmi ló ti yí padà, àti pé níbo ni mo ti lè kó o bí kò bá ṣe lára ọmọ tí mò ń lá abọ́ rẹ̀?

Kí ló yẹ kí n ṣe? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo jókòó síbẹ̀, ohun tí mò ń rò ni ọkọ mi. Olùkọ́ ìṣirò ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, kì í mutí, kì í pariwo, àmọ́ tí mo bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́ délé, á bi mí pé kí ló dá mi dúró, àkókò tí mo jáde níbi iṣẹ́ àti èyí tí mo délé, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣírò. Bí ó bá gbọ́ hápíìsì, ṣé á dúró gbọ́ CMV? Ìyá rẹ̀ ńkọ́, tó ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ohun tí mo ti fi ìgbà èwe mi ṣe ni kò jẹ́ kí n bímọ? Mo tún ro Dókítà àti àwọn àlejò rẹ̀. Mo wá sọ fún ara mi pé bóyá túùbù àtijọ́ ló ń purọ́, pé ó ti pẹ́ jù nínú yìnyín, ọmọ ogun inú rẹ̀ ti kú. Ẹ gbọ́ o, mo mọ̀ pé wọn kì í tètè kú bẹ́ẹ̀! Mo fura sí awakọ̀, mo fura sí Rónkẹ́, mo fura sí yìnyín, mi ò fẹ́ fura sí ara mi. Mo da ohun tó wà nínú àwo nù, mo fọ̀ ọ́, mo sì ju túùbù náà sínú ìdọ̀tí tí à ń jó.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Dókítà pè wá sínú yàrá rẹ̀, akọ̀wé náà wà níbẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ ṣèṣì. Ó kọjú sí mi.

"Ìyáàfin, ṣé ẹ̀jẹ̀ yín dá yín lójú?"

Rónkẹ́ ń wò mí. Kò wo Dókítà, kò wo akọ̀wé, èmi ló ń wò.

"Ó dá mi lójú, sà," ni mo wí.

Wọ́n lé Rónkẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Kò jà, kò bẹ̀bẹ̀. Ó ká kóòtù funfun rẹ̀, ó gbé e sórí àga, ó kúnlẹ̀ kí Dókítà pé ẹ ṣeun sà, ó sì jáde. Ẹ̀yin ènìyàn, orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo tẹ́ ẹní ọmọ sílẹ̀, mo po ògì, kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn. Mo ń gbọ́ ẹkún Ayọ̀mídé láti òdìkejì òpópónà, mi ò lè sọdá. Bí mo bá pàdé Rónkẹ́ ní ìdí ẹ̀rọ omi, á ní, "Ẹ kú àárọ̀ mà," kò pè mí ní Àǹtí mọ́, á gbómi rẹ̀ á máa lọ. Ìfura mi ò sì lọ, ńṣe ló pọ̀ sí i. Bí mo bá rí i pẹ̀lú obìnrin kan, mo ń rò pé ọ̀rọ̀ mi ló ń sọ. Bí Dókítà bá pè mí, màá ti máa to àwáwí jọ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Níbi iṣẹ́, mo ní ara mi kò yá, pé kí wọ́n má fa ẹ̀jẹ̀ mi mọ́, kí wọ́n ra ẹ̀jẹ̀ òfo láti Èkó. Dókítà gbà.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n rà dé. Dókítà kò fún mi, ó ní òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun ṣe é. Mo rí i tó mú ìgò áńtíjìn tó kù nínú èyí tí Rónkẹ́ gbé wá, mo mọ̀ pé ó ti parí fún mi. Ihò ẹ̀jẹ̀ Èkó mọ́ gaara, tèmi di yẹ́lò. Bàbá náà bọ́ jígí rẹ̀, ó pè mí. Ó ní, "Ìyáàfin, ẹ ti kó o. Bóyá lára ọmọdé kan ni. Ẹ̀yin náà ti di ará Abẹ́òkúta bíi ti wa." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. Ó ní, "A ti ṣe ọmọ olọ́mọ." Mo ṣe bí ẹni tí ẹnu yà. Mo gbé ọwọ́ lérí. Àní mo sunkún! Ó ní ẹ̀bi òun ni, pé òun ló yẹ kó ra ẹlẹ́rìí gidi láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ní kí n lọ wá Rónkẹ́ kàn, kí n sọ pé òun ń bẹ̀ ẹ́.

Mo sọ fún ọkọ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ní ṣeé bò mọ́. Mo ti to àlàyé jọ, mo ti ń retí kó béèrè ibi tí mo ti kó o. Ó gbọ́ títí mo fi sọ tán. Ó ní, "Ṣé ó ń dùn ọ́?" Mo ní rárá. Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, ó sì padà sídìí ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ tó ń máàkì. Ó tán! Ohun tí mo torí rẹ̀ ta ọ̀rẹ́ mi nìyẹn.

Ìtòkú ni mo ti bá Rónkẹ́, níwájú ìsọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ta àdìrẹ, ó ń ká aṣọ, aró ti kun ìka rẹ̀. Ayọ̀mídé di àga mú, ó ti ń rìn. Ọmọ náà wò mí, ó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sáàrin ọjà, àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè lẹ́yìn mi, mo jẹ́ iṣẹ́ Dókítà fún un, mo ní ẹ̀jẹ̀ mi ni, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Rónkẹ́ fà mí dìde, ó mú mi wọ inú ìsọ̀. 

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́," ló wí. "Mo ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ yín ni, mo sì mọ̀ pé lára Ayọ̀ lẹ ti kó o. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ níwájú akọ̀wé, kí ó gbọ́ hápíìsì, kí ó tó ìrọ̀lẹ́ kó ti dé etí àwọn ará ilé ọkọ yín? Kí wọ́n sì tún máa nawọ́ sí ọmọ mi? Mo ní kí n fi yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ rí i fúnra yín. Mi ò lọ sí báńkì kankan lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, Àǹtí. Mo kàn fi yàrá sílẹ̀ fún yín ni."

Ó ní àwọn ìpè orí àtẹ̀gùn yẹn, ọkọ òun ni, tí wọ́n fẹ́ dá dúró níbi iṣẹ́, ojú ń ti òun láti jẹ́ ká gbọ́. Ó wá di ọwọ́ mi mú, ó wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ Jímọ̀ ọjọ́sí.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín, tẹ́ ẹ bá sì ti dá mi lóhùn, mo ti gbàgbé gbogbo rẹ̀. Ṣé ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí Dókítà tó lé mi?"

Mo ní, "Rárá, Rónkẹ́. Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀."

Ó bú sẹ́kún. Ó gbá mi mọ́ra, ó ní òun ti mọ̀ pé kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ohun tó ń jẹ òun lọ́kàn láti ọjọ́ yìí nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ tó bọ́. Ó pe ọmọ rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ọmọ náà ti wúwo. Ní ọjọ́ Mọ́ńdé tó tẹ̀ lé e, Rónkẹ́ ti wọ kóòtù rẹ̀, Dókítà sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo wa. Akọ̀wé ń yìn mí káàkiri pé obìnrin onírẹ̀lẹ̀ ni mí, pé ẹni mélòó ló lè kúnlẹ̀ láàrin Ìtòkú nítorí àbúrò.

Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Rónkẹ́ ló ti gbàgbé, èmi tí mo ṣe é ni kò lè gbàgbé. Ìfura tí mo fi lé e lọ ti padà wá bá mi gbélé. Bó bá ṣí fírísà tó sì pẹ́ níbẹ̀, màá rò pé túùbù àtijọ́ ló ń wá. Bó bá ní "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀," màá rò pé àṣírí ti tú, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé ìsinmi ọ̀sán lásán ló fẹ́ gbà. Ìgbà mìíràn, mo máa ń rò pé ó mọ̀, pé ó kàn ń wò mí bí yóò ti pẹ́ tó kí n tó sọ ọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló sọ fún mi pé ọkọ òun ti wálé, pé àwọn fẹ́ ṣe ìrìbọmi Ayọ̀mídé ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa, èmi ni òun sì fẹ́ fi ṣe ìyá ìrìbọmi rẹ̀. Ó ní òun ti kọ orúkọ mi fún àlùfáà. Ìyẹn ni pé èmi ni wọ́n á gbé ọmọ náà fún, èmi ni àlùfáà yóò bi níwájú ìjọ bóyá mo kọ èṣù àti gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, tí n óò sì dáhùn pé mo kọ̀ wọ́n, tí Rónkẹ́ yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí yóò máa gbọ́. Mo wo ojú rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́, mi ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ṣé ìfẹ́ ló fi yàn mí, àbí ó ti mọ̀, tó fẹ́ gbọ́ irú ohùn tí n óò fi dáhùn? Ẹ ò rí i, ìfura náà tún dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ gbà mí. Bí mo bá sọ òótọ́ fún un kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, mo mọ̀ pé n óò pàdánù òun àtọmọ, lọ́tẹ̀ yìí kò sì ní sí iṣẹ́ kankan tí Dókítà lè rán mi láti fi tún un ṣe. Bí mi ò bá sọ ọ́, ọwọ́ tí mo fi fọ àwo yẹn ni n óò fi gbé ọmọ rẹ̀ síwájú Ọlọ́run. Òní ni ọjọ́ Ọjọ́rú. Lówùúrọ̀ yìí, ó bi mí bóyá aṣọ funfun tí mo máa wọ̀ ti wà nílẹ̀, mo ní ó wà nílẹ̀.